Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Wọ́n Kan Ọkọ̀ Òfuurufú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń tètè yọ lẹ́nu àwọn tí ń pín owó ìlú nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá dábàá pé kí ìjọba kọ́ ilé iṣẹ́ sí àwọn yunifásítì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa fi ọwọ́ ara wọn kan ẹ̀rọ ńláńlá, àgàgà ọkọ̀ òfuurufú. Wọn a ní ọ̀nà kò dára, omi ẹ̀rọ kò yọ, iná mànàmáná kò dúró sójú kan. Ṣé ìgbà tí a kò tíì rí ti ilẹ̀ bójú tó ni a ó máa gbójú sókè? Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Àwọn ará ìlú tí wọ́n bá gbọ́ ọ a máa mi orí sí i, nítorí òtítọ́ ni pé ọ̀nà kò dára. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn yìí kò gbà pé ó tọ̀nà. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú yìí, láti Èkó dé Kánò, láti Ìlọrin dé Kàlábà, tó gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́, ó dára kí wọ́n gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ogun àgbáyé kìn-ín-ní parí ní ọdún 1918, Jámánì ni ó sì ṣubú nínú rẹ̀. Ní ọdún 1919 ni àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun gbé ìwé àdéhùn Versailles ka iwájú rẹ̀ pé kí ó fi ọwọ́ sí i. Lára ohun tí ìwé náà wí ni pé Jámánì kò gbọdọ̀ ní ọmọ ogun òfuurufú mọ́, pé kí ó kó àwọn ọkọ̀ òfuurufú ogun rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì wọn sílẹ̀, àti pé, fún ìgbà kan, kò gbọdọ̀ ṣe ọkọ̀ òfuurufú tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kó o wọlé láti ilẹ̀ mìíràn. Gbèsè ogun wà lọ́rùn gbogbo ará ìlú. Owó wọn ń di yẹpẹ lójoojúmọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó di ọdún 1923, ẹni tí ó bá ń lọ ra búrẹ́dì ní láti di owó bí ẹni di ẹrù. Bí ó bá jẹ́ pé kí a kọ́kọ́ rí ti ilẹ̀ bójú tó ni ó tọ́, bí ìlú kan bá sì wà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ lẹ́nu rẹ̀, Jámánì ìgbà náà ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn tí wọ́n kọ ìwé àdéhùn náà ka ẹ́ńjìnnì, wọn kò ka ẹ̀fúùfù. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Oskar Ursinus, olóòtú ìwé ìròyìn Flugsport, ni ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1920 pé kí gbogbo ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ òfuurufú aláìlẹ́ńjìnnì gbé e wá sí orí òkè Wasserkuppe, tí ó ga tó mítà 950, ní àárín àwọn òkè Rhön. Ẹ kíyè sí i pé akọ̀ròyìn ni ó ké sí wọn. Kì í ṣe ìjà nìkan ni ìwé ìròyìn mọ̀ ọ́n dá sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jẹ́ ìpè náà ní ọdún yẹn àti ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, láti Aachen, láti Hannover, láti Darmstadt. Inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn lórí òkè náà. Àwọn ará Aachen gbé ọkọ̀ kan wá tí wọ́n fi aṣọ dúdú bò láti orí dé ìrù, tí àwọn èèyàn fi ń pè é ní Èṣù Dúdú. Ìpàdé àkọ́kọ́ yìí kò ṣàìmú ẹ̀mí lọ, nítorí ọkọ̀ Eugen von Loessl já lulẹ̀, ó sì kú. Wọn kò tìtorí èyí tú ká. Wọ́n sin òkú wọn, ọdún kejì wọ́n tún padà wá.

Ní Hannover, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Arthur Pröll ṣe alátìlẹ́yìn fún wọn, Georg Madelung, tí ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, sì jókòó pẹ̀lú wọn láti ya àwòrán ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ tí ń kan ọkọ̀ ojú irin nílùú náà ni ó fún wọn ní pákó, ní àyè àti ní ọwọ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà rẹ̀. Èyí ni ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà nìkan ni wọ́n dá a ṣe bí ẹni pé wọ́n bọ́ láti ọ̀run. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Olùkọ́ mú ìmọ̀ wá, oníléeṣẹ́ mú igi wá, àwọn ọ̀dọ́ mú àyà wá àti àsìkò wọn, nítorí àwọn náà ni yóò jókòó sínú rẹ̀ bí ó bá di ọjọ́ fífò. Vampyr ni orúkọ tí wọ́n sọ ọkọ̀ náà.

Láyé ìgbà náà, ìyẹ́ méjì ni ó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀kan lórí èkejì, a ó sì fi òpó àti wáyà dè wọ́n mọ́ ara wọn kí ẹ̀fúùfù má baà lọ́ wọn. Agbára ń bẹ nínú irú ìdè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo òpó àti wáyà tí ó wà lóde ni ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ọkọ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì lè fara da èyí. Èyí tí kò ní, kò lè fara dà á. Ìyẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn ará Hannover fún ọkọ̀ tiwọn. Ó gùn tó mítà 12.6 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, kò ní òpó, kò ní wáyà lóde. Igi àgbà kan ṣoṣo ni ó la inú rẹ̀ já. Láti ibi igi yìí bọ́ sí iwájú, wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ tí ó tín-ín-rín yí ìyẹ́ náà ká títí ó fi dà bí ọparun. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú rí láti fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ọparun yóò mọ ohun tí wọ́n ń wá. Inú rẹ̀ ṣófo, ó fúyẹ́, síbẹ̀ kò gbà fún ọwọ́. Láti ibi igi náà lọ sẹ́yìn, aṣọ lásán ni wọ́n nà bò ó. Nígbà tí ó kan ti ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ yóò fi balẹ̀, wọn kò wá táyà kiri. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, irú èyí tí àwọn ọmọ ń gbá lórí pápá, ni wọ́n tì bọ abẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Ògọ́sítì ọdún 1922, Arthur Martens, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, wọ inú Vampyr ní orí Wasserkuppe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi okùn rọ́bà kọ́ imú ọkọ̀, wọ́n pín sí ọ̀tún àti òsì, wọ́n sì ń fà á, wọ́n ń sáré lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, bí ọmọdé ti í fa rọ́bà tí ó fi ń ta ẹyẹ. Àwọn kan di ìrù rẹ̀ mú. Nígbà tí rọ́bà le dáadáa, wọ́n jọ̀wọ́ ìrù, ọkọ̀ sì fò kúrò lórí òkè.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò nira láti mọ̀. Ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì kì í yé sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀fúùfù tí ó bá fẹ́ lu ara òkè kò rí ibi gbà já, ńṣe ni yóò gun òkè náà lọ. Bí ẹ̀fúùfù bá ń gòkè kíákíá ju bí ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ lọ, ọkọ̀ yóò máa ga sí i ni, kì yóò balẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ kò ju kí ìyẹ́ fúyẹ́, kí ó gùn, kí ó sì yọ̀, kí awakọ̀ sì mọ ibi tí ẹ̀fúùfù wà, kí ó má kúrò níbẹ̀. Àwòdì ti mọ èyí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Àwòdì tí ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá.

Martens wà lókè fún wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 6. Ní ọjọ́ kejì, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Friedrich Hentzen lo nǹkan bí wákàtí 2. Nígbà tí ó di ọjọ́ 24 oṣù náà, Hentzen yìí kan náà tún gòkè, ó sì lo wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 10. Kí òǹkàwé lè mọ bí èyí ti pọ̀ tó, ẹ jẹ́ kí a rántí Orville Wright ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì fò ní ọdún 1903. Ní ọdún 1911 ó lo ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú-àáyá 45 nínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó ju ìyẹn lọ. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí a fòfin dè, tí a sọ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ni ó sọ ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án di wákàtí mẹ́ta. Igi, àtè, aṣọ àti bọ́ọ̀lù ni ó fi ṣe é.

Apá kan ìtàn yìí wà tí kò dùn, kò sì yẹ kí a fi pamọ́. Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní ọdún 1933, ó kó gbogbo ẹgbẹ́ àwọn olófuurufú sábẹ́ ọwọ́ ìjọba rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n ti kọ́ fífò lórí òkè ni a kó sínú ọmọ ogun òfuurufú tí ó ń kọ́ ní bòńkẹ́lẹ́, a sì mọ ohun tí àwọn ọmọ ogun náà ṣe sí ìlú àwọn ẹlòmíràn. Àwọn kan a máa fi èyí wí pé ìwọ̀n ìgbà tí ọ̀dọ́ kò bá mọ ohun tí ó pọ̀ jù, ni ìlú fi ń ní àlàáfíà. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ ẹgbẹ́ tí ó bá gba ìjọba tiwa-n-tiwa gbọ́. Kì í ṣe pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ jù ni ó ba Jámánì jẹ́. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé ẹnì kan ṣoṣo pa gbogbo ìwé ìròyìn lẹ́nu mọ́, ó gba agbára kúrò lọ́wọ́ ilé ìgbìmọ̀, ó sì di ẹni tí kò sí ẹni tí ó lè bi í léèrè ohun tí ó ń fi ọwọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣe.

Ogun kejì parí ní ọdún 1945. Jámánì tún ṣubú, wọ́n sì tún fòfin de fífò. Ọdún 1951 ni a tó gbà wọ́n láàyè láti máa fò lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnnì ni a sì kọ́kọ́ yọ̀ǹda. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tún ṣí ilé iṣẹ́ wọn. Ní Stuttgart wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní fs 24, igi balsa tí ó fúyẹ́ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ní lọ́kàn láti fi ṣe é. Bí Richard Eppler àti Hermann Nägele ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n yí ọ̀nà padà. Wọ́n mú okùn dígí, èyí tí ó tín-ín-rín bí òwú, wọ́n rì í sínú àtè tí ń le bí òkúta, wọ́n sì fi bo igi balsa nínú àti lóde. Nígbà tí ó gbẹ, ara rẹ̀ ń dán bí inú ìkarahun, kò ní ìsopọ̀ tí ó yọ síta, kò sì ní ibi tí ẹ̀fúùfù yóò ti kọsẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 1957 ni ó kọ́kọ́ fò. Phönix ni wọ́n sọ ọ́, ẹyẹ inú ìtàn àtijọ́ tí ń jí dìde láti inú eérú ara rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnnì kankan láyé tí a fi okùn dígí àti àtè ṣe ṣáájú rẹ̀. Lónìí, bóyá ni ènìyàn fi lè rí ilé iṣẹ́ tí ń fi nǹkan mìíràn kan ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnnì tuntun fún ìdíje. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú akérò pàápàá ti ń tẹ̀ lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, nítorí nǹkan bí ìdajì ìwúwo ọkọ̀ Boeing 787, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọdún 2011, ni ó jẹ́ okùn àti àtè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn èédú ni ó pọ̀ jù nínú tirẹ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Darmstadt ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá dùn jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, Wolf Lemke, Gerhard Waibel àti Klaus Holighaus wà lára wọn, kan ọkọ̀ tí wọ́n pè ní D-36 láti inú okùn dígí. Oṣù Màáṣì ọdún 1964 ni ó kọ́kọ́ fò. Lọ́dún yẹn náà ni Waibel gbé e lọ sí ìdíje gbogbo ilẹ̀ Jámánì, ó sì borí gbogbo àwọn àgbà awakọ̀. Ní ọdún 1965 ọkọ̀ náà ṣe ipò kejì ní ìdíje àgbáyé tí wọ́n ṣe ní South Cerney, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìròyìn tí ó yẹ kí a yọ̀ sí ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni kókó wà. Ẹ béèrè ohun tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà dà nígbà tí wọ́n kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Holighaus lọ sí ilé iṣẹ́ Schempp-Hirth, ó di ẹni tí ń ya àwòrán gbogbo ọkọ̀ wọn, nígbà tí ó sì yá ó di onílé iṣẹ́ náà. Waibel lọ sí ti Alexander Schleicher. Lẹ́tà W tí ó wà nínú orúkọ gbogbo ọkọ̀ ASW, orúkọ rẹ̀ ni. Lemke lọ sí ti Rolladen-Schneider, òun ni L tí ó wà nínú LS. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ti bá ara wọn jìjàdù rí lọ́jà gbogbo ayé, láti inú ilé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni àwọn tí ń ya àwòrán wọn ti jáde. Ọkọ̀ D-36 fúnra rẹ̀, méjì péré ni wọ́n kàn. Àwọn ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn tí wọ́n kàn án wá kàn lẹ́yìn náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni.

Ẹni tí ń pín owó ìlú a máa wo ọkọ̀ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kàn, a ní, "Èyí náà dà? Kò kó ju ẹnì kan lọ, kò gbé ẹrù, kò sì sí ẹni tí yóò rà á." Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a lè wo ebè tí ọmọ àgbẹ̀ kọ́kọ́ kọ, kí a sọ pé iṣu tí ó hù níbẹ̀ kò tó jẹ.

Bí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti ń ṣe, títí di òní olónìí, kò le. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi wákàtí tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ kí ó tó ní ẹ̀tọ́ láti fò. Ẹni tí ó bá wọlé lánàá ń gbálẹ̀, ó ń fi ìwé yíyanrìn ha ìyẹ́, ó sì ń wo ọwọ́ ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ kan máa ń gboyè jáde kí ọkọ̀ náà tó fò, tí àwọn àbúrò wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ yóò sì parí rẹ̀. Kì í ṣe fún máàkì ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn olùkọ́ mìíràn tilẹ̀ máa ń kùn pé ó ń dá àwọn ọmọ dúró pẹ́ jù ní ilé-ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, nígbà tí oníléeṣẹ́ bá ń wá òṣìṣẹ́, ó mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan àtè, ó sì mọ ẹni tí ó jẹ́ pé bébà nìkan ni ó mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ti Jámánì ṣáá ni, ẹ wo Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1959, Henry Kremer, oníṣòwò kan, ya £5,000 sọ́tọ̀ fún ẹni tí yóò fi agbára ara rẹ̀ nìkan, láìsí ẹ́ńjìnnì, fo ipa ọ̀nà kan tí a là sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Southampton, obìnrin wà lára wọn, gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ òfuurufú, wọ́n sì kan ọkọ̀ SUMPAC, tí awakọ̀ fi ń fẹsẹ̀ wà bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 1961, Derek Piggott wà á kúrò nílẹ̀ ní Lasham. Kò ga ju mítà 1.8 lọ, kò sì jìnnà ju mítà 64 lọ, ṣùgbọ́n òun ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a jẹ́rìí sí i láìsí àríyànjiyàn pé ènìyàn fi agbára ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbéra nílẹ̀ tí ó sì fò. Ọ̀sẹ̀ kan gééré lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ Puffin tó fò, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá de Havilland kàn ní Hatfield. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Southampton kò gba ẹ̀bùn Kremer. Ọdún 1977 ni ará Amẹ́ríkà kan, Paul MacCready, tó gbà á. Ọkọ̀ wọn wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Southampton, àwọn ọmọdé sì ń lọ wò ó.

Nàìjíríà kò ṣe aláìní ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Láti ọdún 1964 ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Zaria ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú àti àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe. Ní ọdún 1988, ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n pè ní Air Beetle fò ní Kàdúná, iṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú Nàìjíríà ni, láti orí àwòrán ọkọ̀ RV-6A tí ará Amẹ́ríkà yà. Kàdúná yìí náà ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọ ogun òfuurufú wà, wọ́n sì ń kọ́ ìmọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété pẹ̀lú. Àwọn ọmọ tí ó mọ ìṣirò kò wọ́n. Ohun tí ó wọ́n ni ibi tí ìṣirò yóò ti di igi. Akẹ́kọ̀ọ́ a ya àwòrán ìyẹ́, a kọ ojú ewé púpọ̀ lé e lórí, a di ìwé náà dáadáa, a sì tò ó sórí pẹpẹ pẹ̀lú ti àwọn tí wọ́n ṣáájú rẹ̀. Ìyẹ́ náà kò sí. Ọmọ náà a gba ìwé ẹ̀rí, a wá iṣẹ́ lọ sí báńkì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ akérò wa a sì máa lọ sí òkè òkun bí ó bá di àtúnṣe ńlá, owó ilẹ̀ òkèèrè ni a sì fi ń san án.

Igi kò wọ́n pẹ̀lú. Arère tí ń hù nínú igbó wa fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé pẹlẹbẹ. Àwọn òyìnbó tí ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú kékeré fún eré ìdárayá máa ń fi bo ìyẹ́ wọn, obeche ni wọ́n ń pè é. Kí a tó gbé ènìyàn lé irú igi bẹ́ẹ̀, a ní láti mọ ìwúwo tí yóò rù kí ó tó ṣẹ́, nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, àti bí àtè ṣe ń dì í mú. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni ó tọ́ sí ọmọ ọdún méjìlélógún ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kò sì sí ẹni tí yóò bá wa ṣe é ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá jẹ́ ti òkè ni ẹnikẹ́ni ń wá, ìlú Jos ga ju orí Wasserkuppe lọ.

Ẹ̀rù àwọn òbí kì í ṣe ohun ìfọwọ́rọ́. Kò sí ẹni tí yóò rán ọmọ lọ sí yunifásítì kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá fún un, àwọn tí wọ́n sì ń fò lórí Wasserkuppe ní ọdún 1920 kò ní ẹni tí ń yẹ ọkọ̀ wọn wò bí ó ti yẹ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìyẹn ti yí padà. Kí ìyẹ́ tuntun tó gbéra, wọn a dojú rẹ̀ dé, wọn a sì máa to àpò iyanrìn lé e lórí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí yóò fi ru ìwúwo tí ó ju èyí tí yóò bá pàdé lókè lọ. Àwọn ará Southampton kò sì jẹ́ kí ẹni tí kò mọ fífò jókòó sínú ọkọ̀ wọn nígbà àkọ́kọ́. Àgbà olùkọ́ awakọ̀ ni Piggott. Ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú lè yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ láti máa lọ láti yunifásítì dé yunifásítì, láti fọwọ́ sí iṣẹ́ tí ó dára àti láti kọ èyí tí kò dára. Owó oṣù ẹnì kan kì í ṣe ohun tí yóò gba ọ̀dà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ọ̀nà.

Ìwé ìròyìn yìí kò béèrè pé kí a kọ́ ilé alájà mẹ́wàá, kí a sì pe gómìnà wá gé rìbọ́ọ̀nù. Ilé páànù tí ó gùn, tí ó ní ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí ó tẹ́jú, tí òjò kò lè jò sí, ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí á má gba owó ibodè lórí àtè àti aṣọ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá kó wọlé fún iṣẹ́ yìí. Kí àwọn oníléeṣẹ́ pákó ní Oǹdó àti ní Sapele gbé igi kalẹ̀ bí àwọn oníléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ti Hannover ti ṣe, kí a sì yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó orí wọn. Kí a jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àkókò ìsinmi pẹ̀lú, àti nígbà tí ìyanṣẹ́lódì bá ti kíláàsì pa. Ẹgbẹ́ yìí ní àwọn aṣojú ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé ìṣúná ọdún tí ń bọ̀ kalẹ̀, tí ó bá kan orí àwọn yunifásítì, kí wọ́n dìde kí wọ́n béèrè iye tí a kọ síbẹ̀ fún pákó, àtè àti aṣọ, kí ìdáhùn rẹ̀ sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ ilé.